Lòmé Tí A Kò Dé

Oyún ọmọ mi kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, kò tíì hàn sí ará ìta, nígbà tí ọkọ mi kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan, tó ní òun ń lọ sí Lòmé. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po oúnjẹ adìyẹ lẹ́yìn Mọ́níyà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, ló kógbá sílé. Ó wáṣẹ́ títí ó sú u. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lẹ táìlì nílẹ̀ Tógò ló ní kó máa bọ̀, pé iṣẹ́ wà fún ẹni tí kò bá tijú àtibẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọkọ mi ní oṣù mẹ́fà péré lòun máa lò, èmi náà sì gbà á gbọ́.

Ọdún tó yẹ kó wá wò wá, ó já bọ́ láti orí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́. Bí ọmọ tó fi sínú mi ṣe di ẹni tó ń fò lórí àga nìyẹn, tí bàbá rẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn án rí.

Orí fóònù ni wọ́n ti mọ ara wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà fún wa, a ó pè é, ojú rẹ̀ á yọ, ọmọ mi ọkùnrin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó máa ń fi ẹran inú àwo rẹ̀ lọ bàbá rẹ̀. Ó máa ń ti búrẹ́dì bọ fóònù náà lẹ́nu, títí èérún búrẹ́dì fi dí ihò tí ohùn ń gbà jáde. Tí a bá sọ pé ó dàárọ̀, á ní kí n rọra gbé dádì òun sílẹ̀ kó lè sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, níbẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́níyà. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ń sún mọ́, mo sọ fún ọkọ mi pé bí ẹ̀yin kò bá lè wá, àwa máa wá bá yín. Ó ní ọ̀nà jìn, pé àwọn ọmọ kéré. Mo ní àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ ń gba ọ̀nà náà lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní yàrá kan ṣoṣo lòun ń gbé, òun àti ẹnì kejì. Mo ní kí ẹnì kejì náà lọ sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní tí a bá dé, òun á mú wa lọ wo òkun, pé òkun kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ilé òun. Ọ̀rọ̀ òkun yẹn ni ọmọbìnrin mi gbọ́, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí ọjọ́ tí a lọ.

Ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí ni ọkọ mi, ọmọ Àládúrà ni mí, ìyẹn kò sì dá wàhálà kankan sílẹ̀ láàárín wa rí. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa gbàdúrà sí omi fún wa, wọ́n ní kí àwọn ọmọ mu nínú rẹ̀ kí a tó jáde. Ìyá ọkọ mi wá láti oko wọn lẹ́yìn Akínyẹlé, ó ru gàrí, ìrú àti ata gbígbẹ wá fún ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe bísímílà sí wọn lára, ó sì wò mí lójú.

"Tí o bá rí i," ó ní, "kó o wò ó fún mi dáadáa. Ojú inú fóònù yẹn kì í sọ òótọ́."

Mo ní, "Màámi, mo máa wò ó."

Ìdájí la kúrò ní Mọ́níyà. Mo pọn ọmọkùnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ. Ọmọbìnrin gbé báàgì ilé-ìwé rẹ̀ tó kún fún aṣọ, èmi gbé èyí tó kù. A wọ bọ́ọ̀sì dé Ìbàdàn, a wọ òmíràn dé Ṣàngó, ká tó wá wọ èyí tó ń lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ọkọ̀ tó wọ́n díẹ̀ wà tó ń lọ tààrà, tí èèyàn á jókòó sí láìsọ̀, ṣùgbọ́n agbára wa kò ká a. Bọ́ọ̀sì wa máa ń dúró, á tún gbéra, á tún dúró. Òórùn ìrú ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa béèrè ẹni tó gbé òkú ẹran wọkọ̀.

Ọmọbìnrin mi ń wo ìta. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo la máa dé òkè òkun?"

Àwọn èrò inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Ọmọ mi, òkè òkun kọ́ ni Ìdí-Ìrókò o." Ojú ti ọmọ náà, ó fi orí pamọ́ sí mi lápá. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ òkèèrè là ń lọ, kì í ṣe òkè òkun. Láìpẹ́, àbúrò rẹ̀ bì sí mi lẹ́yìn.

Mo rò pé òòyì mọ́tò ló ń kọ́ ọ lójú ni. Mo fi etí ìborùn mi nù ún, mo fún un lómi, ó sì sùn. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ara gbogbo wa ló gbóná nínú ọkọ̀ yẹn.

Ní ẹnubodè, gbogbo èrò tí a jọ wá ló kọjá. Nígbà tó kàn wá, obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ ìjọba gba ìwé ìrìnnà mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá wo àwọn ọmọ.

"Ta ló ni àwọn ọmọ yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Bàbá wọn ńkọ́?"

"Ó wà ní Lòmé, mà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ là ń lọ."

"Ìwé tó fi hàn pé ó mọ̀ nípa ìrìn-àjò yìí dà?"

Ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ ni mo mú dání. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń béèrè irú ìwé tó ń sọ yẹn. Ọkọ mi náà kò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń yára bíi ti ẹni tó ń purọ́. Obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ọmọkùnrin mi tí mo ti sọ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀bọ́, níbo ni dádì ẹ wà?"

Ọmọ mi kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Ó wà nínú fóònù."

Obìnrin náà dìde. Ó wo ọ̀gá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn tábìlì, ọ̀gá náà wò ó padà. Kò sọ̀rọ̀ líle sí mi. Ó kàn nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ igi fúrúùtù, ó ní kí a lọ jókòó, kí n pe bàbá àwọn ọmọ kó bá òun sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù. Mi ò lè bínú sí i. Gbogbo wa là ń gbọ́ ìròyìn àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó gba ibodè lọ tí ojú kì í rí mọ́. Bó bá jẹ́ pé ọmọ tèmi ni obìnrin àjèjì kan ń kó kọjá, ohun tí mo máa fẹ́ kó ṣe nìyẹn.

Mo pe ọkọ mi, kò gbé e. Ó wà níbi iṣẹ́, inú báàgì ló máa ń fi fóònù sí kí eruku sìmẹ́ǹtì má bà á jẹ́. Mo tún pè, mo tún pè. Òòrùn kúrò lẹ́yìn igi, ó bọ́ sórí wa, a sún, ó tún lé wa bá. Mọ́tò tó yẹ kó gbé wa dé Kútọnu kí a lè rí ti Lòmé wọ̀ ti kún, ó ti lọ. Ọmọkùnrin mi fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé itan mi, mo mọ̀ nígbà yẹn pé ibà ni. Mo fún un ní oògùn ibà tí mo mú dání, ó bì í dànù.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́ kí ọkọ mi tó pè padà. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó bi í lórúkọ mi, ó bi í lórúkọ àwọn ọmọ, ó bi í lọ́jọ́ ìbí wọn. Ọkọ mi gba ti àkọ́kọ́. Nígbà tó kan ti èkejì, ó ṣì í. Oṣù tó tẹ̀ lé e gan-an ló dá.

Mo fẹ́ sọ fún obìnrin yẹn pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé kò sí nílé lọ́jọ́ tí mo bímọ, pé ọjọ́ tí ìròyìn dé etí rẹ̀ ló fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ náà. Àfi bí ọmọbìnrin mi ṣe ta kọ́tọ́ dìde tó gbá fóònù mú mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́.

"Dádì, wọn ò jẹ́ ká kọjá! Ẹ sọ fún wọn! Ẹ ní ẹ máa mú mi lọ wo òkun!"

Ó bú sẹ́kún. Ọkọ mi náà ń sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, ó ń pe orúkọ oríkì rẹ̀, ó ń ní kó má sunkún mọ́. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà dúró láàárín àwọn méjèèjì, kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Nígbà tó ṣe, ó lu ìwé mi ní òǹtẹ̀. "Ẹ máa lọ," ó ní. "Màmá, nígbà mìíràn, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ bàbá wọn kí ẹ tó gbéra."

A kọjá sí Ìgòlò, ní òdì kejì ibodè. Mọ́tò kékeré kan gbé wa, àwa àti àwọn mìíràn tí a fún ara wa pọ̀, ó ní Àjàṣẹ́, ìlú tó wà lójú ọ̀nà Kútọnu, ni òun máa dé, òun kò lọ sí Kútọnu mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn mi ń jó mi bíi pé mo pọn ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ọmọ náà kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Nígbà tí a sọ̀ ní gáréèjì Àjàṣẹ́, èdè tí gbogbo ènìyàn ń sọ yí wa ká bí omi. Fóònù mi kò gbé nǹkan kan mọ́, káàdì ilé wa kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo bi ọkùnrin kan ní ọ̀nà ilé ìwòsàn lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó mi orí, ó kọjá. Mo bi ẹlòmíràn, ó fèsì gígùn kan tí mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo kàn pariwo láìmọ̀, pé, "Olúwa mi ò, kí ni mo máa ṣe?"

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ibẹ̀ yíjú. "Kí ló ṣe ọmọ?" ó ní.

Yorùbá ni. Ó ní ọmọ Kétu lòun, ọkọ ló gbé òun wá sí Àjàṣẹ́. Yorùbá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi ní Akanran, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ idà ló fi ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, n bá dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan ọmọ lọ́rùn, ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kíá. Ó ké sí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ pé kó bá òun wo ọjà, ó da ọ̀kadà méjì dúró. Ó ní kí èmi àti ọmọ gun ọ̀kan, kí òun àti ọmọbìnrin mi gun èkejì.

Kò sí àyè láti rò ó. A gbéra. Bí ọ̀kadà tèmi ṣe yà sí ọ̀nà kan, mo wẹ̀yìn, mi ò rí wọn. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kadà pọ̀ lójú títì, gbogbo wọn gbé èèyàn, kò sí ọmọ mi lórí ìkankan. Mo ń lu ọlọ́kadà léjìká pé kó dúró, òun náà rò pé mo ní kó yára ni, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i. Obìnrin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tí mi ò mọ ilé rẹ̀, ni mo fa ọmọ mi lé lọ́wọ́ nínú ìlú tí mi ò gbọ́ èdè wọn. Ojú obìnrin ibodè ọ̀sán yẹn wá sí mi lọ́kàn.

A dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn kò tíì dé. Mo dúró ní géètì, mo ń wo ọ̀nà. Ibẹ̀ ni gìrì ti gbé ọmọkùnrin mi lọ́wọ́ mi. Ara rẹ̀ le gbagidi, ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ pa pọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kígbe. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan sáré jáde, ó gba ọmọ náà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń yíjú padà, ó ń fi orí ṣe àmì pé kí n máa bọ̀.

Mi ò lè lọ. Mi ò sì lè dúró. Bí mo bá wọlé, ta ló máa mọ̀ bí ọmọbìnrin mi bá kọjá níwájú ilé yẹn tí wọ́n ń gbé e lọ? Bí mo bá sì dúró, ọmọ mi lè kú sọ́wọ́ àjèjì, kí ohùn tó gbọ́ kẹ́yìn jẹ́ èdè tí kò mọ̀. Mo gbá géètì náà mú. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, orin ṣọ́ọ̀ṣì kò wá sí mi lẹ́nu, bísímílà ìyá ọkọ mi ni mo ń pè ní àpètúnpè, bíi pé ọ̀rọ̀ mìíràn kò kù láyé mọ́.

Wọ́n wá dé. Bàtà ọmọbìnrin mi ló já bọ́ lójú ọ̀nà, ìyá oníbúrẹ́dì sì ní kí ọlọ́kadà padà lọ mú un. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé bàtà náà hàn mí. "Mọ́mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù," ó ní. Mo fa ọwọ́ rẹ̀, a sáré wọlé.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta. Nọ́ọ̀sì mìíràn jáde, ó bi mí ní nǹkan, ó tún un bi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo tún mi orí pé rárá, nítorí mi ò mọ èyí tó máa gba ọmọ mi là. Ìyá oníbúrẹ́dì ló bá a sọ èdè Ègùn, ó wá yí i sí Yorùbá fún mi.

"Wọ́n ní ṣé ó ti ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀ rí?"

"Rárá, Ìyá. Kò ṣe é rí."

"Wọ́n ní kí ló jẹ?"

"Kò jẹ nǹkan kan tó dúró nínú rẹ̀ láti àárọ̀."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń gba ẹnu mẹ́ta kọjá, tí èmi sì ń wo ilẹ̀kùn. Ibà ni, wọ́n padà sọ, ibà líle. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, omi ń wọ ara ọmọ náà láti inú ike, ó ń mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì fi fóònù tirẹ̀ pe ọkọ mi fún mi, ó sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà fún un, ó sì lọ palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọkọ mi dé. Mo ti ń rò ó tipẹ́ bí ìpàdé wa ṣe máa rí, aṣọ tí mo máa wọ̀ wà nínú báàgì, mo dìídì lọ̀ ọ́. Aṣọ tí ọmọ bì sí ló wà lọ́rùn mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, sìmẹ́ǹtì ṣì wà léèékánná rẹ̀, ó ti rù, ewú ti wà lórí rẹ̀ níbi tí kò sí nígbà tó kúrò nílé. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ni mo sọ, bí ẹni ń kí àlejò. Òun náà ní, "Ẹ kú ewu." Ó pè mí ní ẹ̀yin. Bóyá àárẹ̀ ni. Ọmọbìnrin wa sá sẹ́yìn mi ná, ó yọjú wò ó, ó wá sáré lọ dì mọ́ ọn níbàdí.

Ọmọkùnrin náà ti lajú. Ọkọ mi sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ó wá sún mọ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní, "Dádì rẹ nìyí. Dádì rẹ tó wà ní Lòmé." Ó ń ké, ó ń nawọ́ sí fóònù mi tó ti kú lórí fèrèsé.

"Ẹ pe dádì mi fún mi! Dádì mi ni mo fẹ́!"

Ọkọ mi yọ fóònù tirẹ̀ jáde. Ó gbé e síwájú ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ ohun tó máa ń sọ lọ́jọ́ Ìsinmi gan-an, pé ta ló jẹ ẹran mi o. Ẹkún ọmọ náà pọ̀ sí i. Ọkọ mi fi fóònù sápò, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo gbọ́ tó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ. Ó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ geere, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe lọ́nà tí mi ò rí i ṣe rí, nọ́ọ̀sì náà sọ nǹkan kan, ọkọ mi sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú kan báyìí. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sọ fún mi rí pé òun ti gbọ́ èdè náà débi kí òun máa fi í rẹ́rìn-ín. Ó wá yé mi pé kì í ṣe ọmọ nìkan ni kò mọ ẹni tó wọlé wá.

Ó ní dókítà sọ pé kí ọmọ má tíì rin ọ̀nà jíjìn. Ó ní ọ̀gá òun fún òun ní ọjọ́ kan ṣoṣo. A jókòó sórí pèpéle lẹ́yìn ilé ìwòsàn náà, ọmọbìnrin wa láàárín wa. Owó tí a fẹ́ fi rìn dé Lòmé ti wọ inú oògùn.

Mo ní, "Ẹ ò lè bá wa padà sílé?"

Ó ní, "Láti wá ṣe kí ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó bi mí bí ẹni tó bá rí ìdáhùn, á dìde tẹ̀lé mi lójú ẹsẹ̀. Mo wá ìdáhùn náà lọ́kàn mi. Mo ronú kan oko ìyá rẹ̀, mo ronú kan àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní àgbègbè wa, mo ronú kan àwọn ojúlùmọ̀ wa tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ kó tó lọ, tí wọ́n ṣì ń wá a. Ọmọbìnrin wa béèrè nípa òkun. Bàbá rẹ̀ ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀, ìyá mi." Ọmọ náà mi orí bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe tí kò bá gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́ tí kò sì fẹ́ jiyàn.

Oorun padà gbé ọmọkùnrin. Ọkọ mi wọlé, ó rọra gbé e, ó tẹ́ ẹ sórí àyà rẹ̀, ó fara ti ògiri. Ó ń gbóòórùn orí rẹ̀. Ó ń ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ, ó gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun máa lọ kó tó jí, nítorí òun ò lè fara da ẹkún yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo kó gàrí, ìrú àti ata ìyá rẹ̀ fún un. Ó tú ìrú náà wò, ó fi imú sí i. Ó dì í padà, ó lọ.

Ilé ìyá oníbúrẹ́dì la wà títí ọmọ fi rí okun díẹ̀. Ó fún wa ní yàrá ọmọ rẹ̀, ó ń ro ẹ̀kọ fún ọmọ mi láràárọ̀. Kò bi mí léèrè nǹkan kan nípa ọkọ mi. Nígbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì, mo wólẹ̀ débi tí orúnkún mi méjèèjì fi kan eruku, ó fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, pé àwọn ènìyàn ń wò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a ti dé Mọ́níyà, ọkọ mi pè. Inú ọmọkùnrin mi dùn, ó gba fóònù, ó jókòó sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń fi ohùn kékeré sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ọkùnrin kan wá bá mi níbi tí wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́. Mo sunkún. Ẹ ò sì wá." Mo dúró. Ọkọ mi ní, "Má bínú, ọmọ mi. Mo máa wá."

Ó wá lóòótọ́, lẹ́yìn ọdún kan, ní àsìkò Iléyá. Bọ̀ọ̀dá ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń pè é. Ó máa ń jókòó jìnnà sí i, á máa wò ó bó ṣe ń jẹun. Nígbà tó máa fi jókòó sí i lẹ́sẹ̀, àkókò àtipadà sẹ́nu iṣẹ́ ti tó, ọkọ mi sì tún gbé báàgì rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ni mi ò tíì sọ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a ti ìrìn-àjò náà dé ló wá bá mi, kò tiẹ̀ tíì gba omi mu tó fi béèrè.

"O wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó, Màámi."

"Ṣé ó sanra?"

Mo ní ara rẹ̀ le. Ó wò mí lójú títí, ó sì fa àwo ẹ̀gúsí tí mò ń ṣà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. A jókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣeré lójúde, ọmọbìnrin mi ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí òkun ṣe rí, bó ṣe ń pariwo tó ń gbé bàtà èèyàn lọ, mi ò sì pè é kó wá sọ òótọ́.